Wọ́n Sọ Adú Mi Di Kòráà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi orí fésíbúùkù, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ibi tí ẹnu mi gbé mi dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi lọ Àbíjàn, ojú mi ò sì ríran dáadáa mọ́. Nítorí náà, èmi ń sọ ọ́, Sìkírá ọmọ mi ń tẹ̀ ẹ́. Sìkírá, bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó o tẹ̀ ẹ́ o. Má fo ibi tó bá kàn ọ́!

Làmídì ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá. Adú ni gbogbo ayé ń pè é, ní Èjìgbò níbí àti ní Àbíjàn lọ́hùn-ún. Ó dúdú bí kóró iṣin, ó ń dán. Bí wọ́n bá mú iná lọ, eyín rẹ̀ la fi ń mọ ibi tó jókòó sí!

Ó wá ku ọjọ́ méjì ká ṣe àdúrà ọdún kan fún un. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà, ni Sìkírá gbé fóònù dé, inú ń bí i. Òṣèré kan ló sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ṣì rántí orúkọ gbogbo ẹni tí a jọ wọ mọ́tò lọ Àbíjàn nígbà àkọ́kọ́, mi ò ní dárúkọ tiẹ̀ níbí. Ó ti jẹ èébú yó.

Wọ́n bi í pé kí ló dé tí gbogbo obìnrin inú fíìmù rẹ̀ fi pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Ó ní àwọ̀ dúdú kì í gba iná kámẹ́rà. Ó ní àwọn òyìnbó náà ti ń wo fíìmù òun báyìí, tí a bá fẹ́ kí wọ́n rí Yorùbá, àwọn tí ara wọn mọ́ la gbọ́dọ̀ gbé síwájú.

Háà! Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan? Yorùbá wo la fẹ́ fi han òyìnbó tí kò ní dúdú?

Gbogbo ayé ti bò ó. Ẹnì kan ní kó lọ fi ọṣẹ dúdú fọ ẹnu. Sìkírá ti kọ tiẹ̀ ná, ó ní dúdú lẹwà, ó fi àwòrán ọkàn dúdú mẹ́ta tì í lẹ́yìn. Mo ní kó kọ tèmi náà. Mo ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ mi dúdú bí kóró iṣin, òun ló sì rẹwà jù ní gbogbo Àbíjàn. Ìwọ tó o bóra títí, tó o wá ní àwọ̀ mẹ́ta lórí ìka kan, èwo nínú wọn lo fẹ́ fi han òyìnbó?"

Ẹ wo ẹ̀rín! Mo di gbajúmọ̀ kí n tó ṣa ẹ̀wà náà tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ìyá gbé fọ́tò bàbá wá, àwọn fẹ́ rí arẹwà. Mo ní kí Sìkírá gbé èyí tó wà lójú báńà àdúrà, báńà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ géètì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi ò tíì wò ó. Sìkírá lọ́ra díẹ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

Kò pẹ́ ni èébú yí padà sọ́dọ̀ mi. Ìyá òpùrọ́! Ṣé èyí ló dúdú bí kóró iṣin, àbí wọ́n ti bó iṣin náà ni? Ẹnì kan ní èmi àti òṣèré yẹn, ọ̀kan náà ni wá: mò ń bú abóra, aláwọ̀ pupa ni mo sì lọ fẹ́.

Mo ní kí wọ́n mú jígí ojú mi wá. Mo jáde lọ sí géètì.

Ẹ̀yin èèyàn, Kòráà ló wà lójú báńà yẹn! Àfi bí àwọn Kòráà, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń ta aṣọ lọ́ọ̀kánkán wa ní Àbíjàn. Ó dé fìlà ọkọ mi, ó wọ agbádá ọkọ mi, ó tún wá ń rẹ́rìn-ín sí mi!

"Sìkírá, ta nìyí?"

"Bàbá ni, màámi."

"Bàbá ta?"

Ló bá jẹ́wọ́. Òun àti Múfútáù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Àbíjàn ni wọ́n ní kí ẹni tó tẹ báńà fọ bàbá mọ́ díẹ̀. Ó ní fọ́tò àtijọ́ ni, ó ṣókùnkùn, eyín nìkan ló hàn níbẹ̀. Ó ní àlejò Múfútáù ń bọ̀ láti Àbíjàn, wọ́n fẹ́ kí bàbá àwọn dára lójú wọn.

Mo ní, "Ìwọ tó o fi ọkàn dúdú mẹ́ta tì í?"

(Sìkírá, ṣé o ti tẹ ìyẹn?)

Mo pe ọmọkùnrin tó tẹ báńà. Ó ní kí n má bínú, gbogbo ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ òun ló ń ní kí òun fọ òkú àwọn, kò sẹ́ni tó ní kí òun fi dúdú kún un rí. Ó ní iṣẹ́ kún ọwọ́ òun, òun ò lè tún un tẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Sìkírá ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ bàbá ṣáà wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo fi í sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Láti ọdún kan, bí mo bá ti jí, ẹ̀gbẹ́ ibi tó máa ń sùn sí ni mo ń kọ́kọ́ yíjú sí. Ojú rẹ̀ ni mò ń wá. Èyí tí wọ́n wá gbé fún mi, n kò mọ̀ ọ́n rí.

Àárọ̀ ọjọ́ àdúrà, Alàájì Súlè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, gun ọ̀kadà dé láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Mo ń wò wọ́n láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kadà dúró. Wọ́n wo báńà, wọ́n wo ilé, wọ́n mi orí, wọ́n ní kí ọlọ́kadà máa lọ! Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn padà nígbà tó yá, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ti júwe ilé fún wọn.

Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, má bínú. Mo rò pé ẹ ti ta ilé Adú ni. Ọ̀gbẹ́ni pupa tó wà ní géètì yẹn ńkọ́, ṣé òun ló rà á?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Mo dìde, mo lọ ha dúdú ìdí ìkòkò, mo fi àdín pò ó. Àdín yìí náà ni mo fi ń pa á lára nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò lè dá yí ara rẹ̀ padà. Mo gun àpótí níwájú báńà.

"Màámi, ẹ ó ṣubú! Àwọn èèyàn ń wò yín!"

Mo ní kí wọ́n máa wò, ṣebí torí kí wọ́n lè wò ó lẹ ṣe so ó síta! Mo pa iwájú orí rẹ̀, mo pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo pa ẹ̀yìn etí tó máa ń ní kí n má gbàgbé. Mo fi eyín sílẹ̀. Kò dọ́gba, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dúdú ju ìkejì lọ, àdín ń ṣàn sí agbádá.

Alàájì Súlè sún mọ́ ọn, wọ́n gbójú sókè. Wọ́n ní, "Adú! Ibo lo wà láti àárọ̀?"

Ibẹ̀ ni omi bọ́ lójú mi, lórí àpótí, lójú gbogbo àlejò. Ààfáà dé, wọ́n wo báńà, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí Ọlọ́run dárí jì wá. Wọn ò sọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Mo ti ní kí Sìkírá pa èébú tí mo bú òṣèré yẹn rẹ́. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára o! Kò dára rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹnu sọ, ilé tèmi ni wọ́n ti fọwọ́ ṣe é, wọ́n sì so ó mọ́ géètì. Ẹnu wo ni n ó wá fi bú u?

Ẹ̀yin náà, ẹ dìde lọ wo báńà àti kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yín. Ta lẹ ti fọ̀ níbẹ̀? Ẹ wá sọ ọ́ síbí, ká jọ fi ara wa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sì ní fọ́tò Làmídì lọ́wọ́, láti Àbíjàn tàbí láti Másífá, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ eyín nìkan ló hàn, ẹ má fọ̀ ọ́.

Èmi mọ ìyókù.