Ògiri Tí Alásẹ́ Rẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé bíríkìlà ní àdúgbò yòówù, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ilé tí wọn kò tíì rẹ́. Bàbá wa fi gbogbo ayé rẹ̀ rẹ́ ilé fún olówó àti tálákà, ògiri tó ń dán bí ẹ̀yìn àwo, ṣùgbọ́n ògiri iwájú ilé tiwa wà ní bùlọ́ọ̀kù lásán, alángbá ń sáré gùn ún bó ṣe wù ú. "Mo máa rẹ́ ẹ," ni Bàbá máa ń wí. "Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ oníṣẹ́ ná." Iṣẹ́ oníṣẹ́ kò tán títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Èmi nìkan ni ọkùnrin tó bí, èmi ló sì fẹ́ kó jogún iṣẹ́ náà. Ó mú mi lọ síbi iṣẹ́, mo to bùlọ́ọ̀kù, bùlọ́ọ̀kù náà wọ́ bí ẹni tó mutí yó. Mo sá lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Aṣọ tó bá wọ́, a ó kàn tú u ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni iṣẹ́ náà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ní òun ò ní fi irin ìrẹ́lé lé obìnrin lọ́wọ́ láé. Nígbà tí kò rí irin gbà, ó yà sí ìdí yanrìn.

Ẹ̀bá títì ló ti ń tà á, níbi tí àwọn onítípà ti ń dà á sílẹ̀. Asẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n irin tí wọ́n kàn mọ́ férémù igi, ó ga jù ú lọ. Á fi ṣọ́bìrì da yanrìn lù ú, èyí tó kúnná á jò sẹ́yìn, òkúta wẹ́wẹ́ á yí sílẹ̀ níwájú. Alásẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ ò lè fi yanrìn tàn án. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á rọ omi sí i, á fún un, á ṣí ọwọ́ wò. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá pọ́n bí ti ẹni tó po amọ̀, á ní kí onítípà máa gbé ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó tún máa ń tọ́ ọ wò lẹ́nu, nítorí iyọ̀ tó máa ń ba ògiri jẹ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé kí n bá a bu ata sí i.

"Lọ máa di bọ́tìnnì rẹ, jàre," ló dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ bíríkìlà ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá bu ọlá fún Bàbá nílé lọ́jọ́ Sátidé kan, torí òun ló dàgbà jù nínú wọn. Inú Bàbá dùn, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló yíjú, ó rí ògiri, ẹ̀rín náà sì kú. Ẹgbẹ́ bíríkìlà! Àwọn tó jẹ́ pé ògiri ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó kí onílé.

Bàbá po sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó mú irin rẹ̀, ó jù ú mọ́ ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ìdajì bọ́ sórí bàtà rẹ̀. Ó tún jù ú, ó tún bọ́. Ó padà lọ jókòó sórí àga rẹ̀ láàárín àgbàlá. Kí n sọ ti àga yìí: Bàbá kì í fẹ̀yìn ti ògiri tí kì í bá ṣe òun ló rẹ́ ẹ. Ibi yòówù tó bá lọ, àárín gbùngbùn ló ń gbé àga sí. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n pò síbẹ̀," ni yóò wí. Gbogbo bíríkìlà ló mọ̀ ọ́n mọ àṣà yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rẹ́ ẹ."

"Yanrìn lo mọ̀. Ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ kì í ṣe télọ̀." Ó nawọ́ sí mi. "Bi àbúrò rẹ."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí o. Ìyá tó ń ta abẹ́rẹ́ fún mi mọ aṣọ rán jù mí lọ."

Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó gbé irin náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò fi lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dì í mú mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́, ó mú un.

Ibí ni Alásẹ́ ti ṣe àṣìṣe tí alásẹ́ nìkan lè ṣe. Ìfẹ́ ló fà á. Ó ní yanrìn tó máa kan ògiri bàbá òun kò gbọdọ̀ ní ẹyọ hóró kan. Ó sẹ́ ẹ, ó tún un sẹ́, ó wá lọ mú asẹ́ ìyẹ̀fun láti ilé ìdáná, ó tún fi ìyẹn sẹ́ ẹ. Yanrìn náà kúnná débi pé atẹ́gùn ń gbé e. Nígbà tó fi rẹ́ ògiri tán, ó ń kọ mọ̀nà, àwọn aládùúgbò ń pàtẹ́wọ́. Bàbá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Ó gbẹ, ó sì sán láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní bí ògiri ò lanu, alángbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Tiwa lanu, alángbá sì padà wá. Mo fi ìka kàn án, abala ńlá kan ṣí kúrò, ó já sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń sunkún. Bàbá mú lára èyí tó já sílẹ̀, ó fi ìka lọ̀ ọ́.

"Àṣejù, baba àṣetẹ́," ló wí. "O ti sẹ́ eegun rẹ̀ dànù. Kí ni sìmẹ́ńtì fẹ́ dì mú?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. "Eegun," ó ní, ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Mi ò kọ́ ọ o."

"Ẹ ò kọ́ mi, sà. Ẹ kàn ń dá sọ̀rọ̀ ni."

Ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ní kí n gbé ẹnu mi lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lọ́tẹ̀ yìí, asẹ́ ẹ̀bá títì nìkan ló lò, ó sì da yanrìn ṣáàpù mọ́ ọn, èyí tó ní hóró. Ó fọ́n omi sí bùlọ́ọ̀kù kó má baà fa omi inú sìmẹ́ńtì mu. Sìmẹ́ńtì ọwọ́ kìíní, ó jù ú mọ́ ògiri, kò dán an rárá, kí ọwọ́ kejì lè rí nǹkan gbá mú. Bàbá yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó ní oòrùn ló ń pa òun lójú.

"Pákó ti dùbúlẹ̀ jù," ó sọ fún afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé pákó ìrẹ́lé sókè díẹ̀.

"Omi," ó sọ fún ewúrẹ́ kan tó ń kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi wọ́n omi.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rẹ́ ògiri náà, ẹni tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni àti ẹni tí ẹnikẹ́ni kò kọ́.

Kò sí èyí tó ṣòfò. Òkúta wẹ́wẹ́ lọ sí ìdí òdòdó kí omi má baà dúró níbẹ̀. Yanrìn ṣáàpù tó kù, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó to òkúta pẹlẹbẹ lé e. Èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun, tó pa á lẹ́kún, ó fi ìgbálẹ̀ gbá a wọ àlàfo àárín àwọn òkúta náà, ó sì fún wọn pinpin. "Òun náà ti ríṣẹ́," ló wí.

Ògiri gbẹ. Kò sán. Mo na ìka sí i, ẹ̀gbọ́n mi gbá ọwọ́ mi dànù.

Ọjọ́ Sátidé náà pé. Alága ẹgbẹ́ ló ṣáájú, ọkùnrin gíga kan tí kì í yin iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kò tíì kí wa tó fi dé ìdí ògiri. Ó fi ìka kàn án kọ́kọ́kọ́. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ó di ojú kan, ó wo gígùn rẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun. Ó wá yíjú sí Bàbá.

"Ọ̀gá, ta ló ní ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n? Irọ́ ni wọ́n pa!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilé, ó ń bu omi fún àlejò. Bàbá lè dákẹ́, ìyìn náà á sì di tirẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀.

Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí gbogbo wọn rí bó ṣe ń gbọ̀n. "Kì í ṣe irọ́," ó ní. "Èmi kọ́ ni mo rẹ́ ẹ."

Ó dìde. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò láàárín àgbàlá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó gbé e dé ìdí ògiri, ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì í, ó gbé orí lé e pẹ̀lú. Alága ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí.

"Ẹ bá mi pe ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Ẹ ní kó mú irin rẹ̀ dání bọ̀."

Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo, mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́, ó rí àga, ó rí ẹ̀yìn Bàbá lára ògiri. Ó gbé omi náà fún mi láìwò mí, ó sì padà sínú ilé lọ mú irin rẹ̀.