Káfíńtà Tó Fẹ́ Fi Ayùn Gé Ìwé

Kò sẹ́ni tó ń rántí olóògbé Bàbá Káfíńtà tí kì í kọ́kọ́ sọ ti ayùn. Ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé Ìyá Oníwèé lọ́jọ́ kan, ó tẹ́ ìwé ìtàn kan sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fi eyín ayùn lé e láàárín.

"Ìyá Oníwèé, owó ọwọ́ mi ò ju ààbọ̀ owó ìwé yìí lọ. Jẹ́ kí n gé tèmi."

Ìyá Oníwèé já ìwé gbà. "Bàbá, ṣé kò sí o? Ta ní í gé ìwé?"

"Èmi ń gé pákó fún ẹni tówó rẹ̀ ò tó. Ṣé kì í ṣe ara igi kan náà ni wọ́n ti ń ṣe bébà ni?"

Wọ́n fẹnu kò sí i pé ìwé á wà ní ṣọ́ọ̀bù, Bàbá á máa san díẹ̀díẹ̀, á sì máa jókòó ka ibi tówó rẹ̀ bá dé. Nígbà tó kan ojú ewé tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, ó ní òun ò sanwó òfìfo, ó sì fò ó bí ẹni fo gọ́tà.

Ní òdìkejì títì, ọkùnrin kan ń ta àdàkọ ìwé náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ láìgbàṣẹ, lórí ọmọlanke. Owó tó ń gbà lórí odindi, Ìyá Oníwèé ò lè fi ra èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tíṣà onímọ́tò á wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ṣí ìwé wò, wọ́n á gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n á béèrè èyí tó dára, wọ́n á sì sọdá lọ rà á níbẹ̀. Ìyá Oníwèé ò bínú sí ọmọ tí òbí rẹ̀ ò rówó tó lọ rà á níbẹ̀. Ẹ̀rín tí àwọn onímọ́tò yẹn fi ń dágbére ló ń ta á bí ata ojú egbò.

"Bàbá, ẹ wá fowó ààbọ̀ yín ra odindi!" ni ọlọ́mọlanke ké.

"Èló lo fún ẹni tó kọ ọ́?"

"Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀ mí."

"Onílé kì í sáà mọ olè," ni Bàbá fèsì.

Nígbà tó yá, owó ilé borí Ìyá Oníwèé, ó kó ṣọ́ọ̀bù kúrò. Orí kan péré ló kù nínú ìwé Bàbá. Ó ní kó máa mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́, Bàbá yarí: "Ṣé o fẹ́ kà mí mọ́ àwọn tó jẹ ọ́ run ni?" Ó bínú lọ sílé. Ibẹ̀ ni àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀.

Ìyá Oníwèé gbé ìwé lọ bá a. Ojú Bàbá ti ṣú, kò ríran kàwé mọ́.

"Èló ni orí tó kù?" ni ó béèrè.

Ìyá Oníwèé mọ̀ pé bí òun bá pe ọ̀fẹ́, kò ní gbà, á sì lọ láìmọ bí ìtàn náà ṣe parí. Ló bá pe owó tó ga.

"Háà! Dín in kù. Etí ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ, n ò ní fọwọ́ mi dọ̀tí ìwé."

"Bàbá, ọ̀wọ́n ni mo rà á."

"Dín in kù, jàre!"

Wọ́n nájà títí ìyàwó Bàbá fi bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá yọ owó lábẹ́ ìrọ̀rí, Ìyá Oníwèé gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Kò tíì kà á dé ìdajì tí Bàbá fi mí èémí ìkẹyìn. Ìyàwó rẹ̀ fi igbe ta. Ìyá Oníwèé nu ojú, kò pa ìwé dé.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á tán fún un," ni ó bẹ ìyàwó náà. "Ó ti sanwó."