Eérú Abẹ́ Adìyẹ Ìyá Àgbà

Rédíò bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìròyìn aago méje àárọ̀ ni, lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀-Ọ̀pẹ ọdún 2003, nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ adìyẹ Ìyá Àgbà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹyin rẹ̀ ṣì gbóná. Kí n tó fa ọwọ́ yọ, àwọn kòkòrò kéékèèké tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ti bo apá mi dé ìgúnpá. Iná adìyẹ ni. Òórùn ìtẹ́ náà, òórùn ìyẹ́ àti koríko àtijọ́, kò tíì kúrò nímú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni èmi Fúnkẹ́ nígbà náà, ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ìlú Àsin ni wọ́n ti fẹ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wá. Ó máa ń sọ pé abo adìyẹ kan tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn wà lára ẹrù tí òun gbé wọlé ọkọ, àti pé gbogbo adìyẹ agboolé wa, ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Àrùn lúkúlúkú tó jà nígbà ọyẹ́ ọdún náà pa wọ́n, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Òun ló ń sàba yìí. Bí iná bá lé e kúrò lórí ẹyin, ìran náà parí nìyẹn.

Eérú ni Ìyá Àgbà ń fi ṣe gbogbo nǹkan. Ó ń wọ́n ọn sídìí ilá, ó ń pò ó mọ́ ẹ̀wà tí a fẹ́ fi pamọ́, ó ń fi í ra ojú iṣu tí a gé fún gbíngbìn. “Ohun gbígbẹ ni kòkòrò ń sá fún,” báyìí ló máa ń wí. Bí mo ṣe pariwo iná, ìyá mi sáré wọ ilé ìdáná, ó bu eérú láti inú ìkòkò kan ní igun, ó dà á sínú ìtẹ́, ó sì fi ra àyà adìyẹ náà. Ó funfun, ó kúnná, ó jọ èyí tí wọ́n ti jọ̀ sílẹ̀.

A kò tíì jẹ ògì tán tí adìyẹ fi fò kúrò lórí ẹyin, tó ń na apá, tó ń fi ẹnu ṣá ara rẹ̀ láyà. Ìyá Àgbà mú un, ó wo abẹ́ rẹ̀. Awọ àyà ti pọ́n. Ó fi ìka kan eérú náà, ó fi tọ́ ahọ́n, ó tutọ́.

“Eérú ọṣẹ rè é. Ta ló gbé e wá sí ulé adìyẹ?”

Eérú èèpo kòkó ni, èyí tí Ìyá Àgbà sun sílẹ̀ láti fi pẹ̀lú epo se ọṣẹ dúdú. Bí omi tàbí ọ̀rinrin ara bá kàn án, ó ń jó awọ.

“Ìyá, ẹ má bínú,” ni ìyá mi wí. “Ẹ jẹ́ ká fi epo pa á.”

“Ìyá Fúnkẹ́, ṣé o fẹ́ fi adìyẹ mi se ọṣẹ ni?”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fi ṣan adìyẹ náà, wọ́n sì so ó sójú oòrùn kí ó gbẹ. Ìyá Àgbà kó ẹyin sínú gèlè, ó dì í mọ́ ikùn lábẹ́ ìró, ó jókòó ti ògiri ilé ìdáná. Kò dìde.

Bàbá mi jáde, ó wò ó. “Ìyá, ẹ rọra o, kí ẹ má lọ gbàgbé kí ẹ jókòó lé e.”

“Nígbà tí mo ń sàba ìwọ, ta ló fi mí ṣẹ̀sín?”

Ìyá mi kó koríko àtijọ́ dànù, ó sun ún. Ó tún ìtẹ́ tẹ́ pẹ̀lú koríko tuntun, ó da eérú igi ìdáná sí i, ó sì já ewé dongoyárò lé e lórí. Èyí tó kẹ́yìn yìí, òun ló ronú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà kó ẹyin padà sínú ìtẹ́, a sì tú adìyẹ sílẹ̀. Ó yí ìtẹ́ ká, ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì bà lé ẹyin.

Lọ́sẹ̀ Àjíǹde ó pamọ. Àwọn ẹyin kan bàjẹ́, àmọ́ nínú àwọn òròmọdìyẹ tó yọ, a rí àwọn tí ọrùn wọn ṣófo. Ìyá Àgbà ní eérú ló lé iná náà lọ. Ìyá mi ní dongoyárò ni. Èmi gba ti ẹni tí mo bá jókòó tì lọ́jọ́ náà gbọ́.

Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ọ̀gbìn báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹjọ́ náà kò lè parí, nítorí pípò ni wọ́n pò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó lè jẹ́ pé koríko tí wọ́n sun gan-an ló ṣiṣẹ́ jù. Mo ń sin adìyẹ ní ìlú Ọ̀yẹ́. Wọ́n ní ọ̀kan tí ìyá mi fún mi wá láti ìran ti Àsin. Ọrùn rẹ̀ ṣófo lóòótọ́, àmọ́ n kò lè búra. Ó ń sàba lọ́wọ́, lórí koríko tuntun àti eérú igi tí mo kọ́kọ́ fi ahọ́n tọ́ wò. Láàárọ̀ yìí mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹyin gbóná. Mo fa ọwọ́ yọ, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo wò ó dé ìgúnpá. Eérú nìkan ló wà níbẹ̀.