Kílọ́ọ̀ṣì Bọ́ọ̀sì Ìjọ Wa

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ dírẹ́bà, ìdí mi kì í gbé ibì kan. Bí mo bá jókòó nínú ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, màá dìde lọ wò ó bóyá géètì wà ní títì, màá padà wá jókòó, màá tún lọ wò ó. Ìyàwó mi ní bí géètì náà bá ní ẹnu ni, ì bá ti bú mi. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí ara mi balẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ìjọ wa. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń wà á yí ká, láti Akówónjò dé Ìdímù, títí dé Ìkòtún, láti kó àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́ wá sí ìsìn. Mo ń kó wọn bí ẹni pé èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Bọ́ọ̀sì náà ti pẹ́ láyé. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ, ariwo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò já wa sílẹ̀ rí. Wàhálà kan ṣoṣo tó ní ni pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, pẹ́dà tí à ń tẹ̀ ká tó yí jíà, le. Kì í ṣe líle kékeré. Bí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, àfi kí o kọ́kọ́ fẹ̀yìn ti àga dáadáa, kí o gbin. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ ti dán an wò. Èyí tó gbìyànjú jù nínú wọn wà á lọ sí Ìpájà lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀kalẹ̀ tó ń tiro, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun máa ń ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi gan-an. Níwọ̀n ìgbà tí pẹ́dà yẹn bá ṣì le, èmi náà ni dírẹ́bà.

Àmọ́ orúnkún òsì mi ti ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyàwó mi fi àdí pa á, ó fi òrí pa á, ó fi omi gbígbóná jó o, orúnkún kò gbọ́. Ó wá di pé bí mo bá fẹ́ yí jíà, ọwọ́ òsì ni mo fi ń ti orúnkún náà mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí agbára tẹ pẹ́dà, ọwọ́ ọ̀tún ń yí jíà, ikùn mi ni mo sì fi ń di ìdarí ọkọ̀ mú. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ìyàwó mi tó máa ń jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Sáàmù ló máa ń kà sábẹ́ ètè, láti ilé títí dé ilé ìsìn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lórí bọ́ǹpù tó wà ṣáájú ìkóríta Ìdímù, orúnkún náà kọ̀ jálẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ kúrò lórí pẹ́dà, bọ́ọ̀sì fò síwájú, ó sì kú. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn kígbe Jésù. Bíbélì àwọn kan já bọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo yíjú sẹ́yìn, mo ní bọ́ǹpù yẹn ti ga jù, mo ní ìjọba kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Gbogbo wọn gbà fún mi, wọ́n bá mi bú ìjọba.

Nígbà tí a délé, tí ìyàwó mi bọ́ gèlè tán, ló tó kọjú sí mi.

"Bàbá wọn, ẹ wá nǹkan ṣe sí kílọ́ọ̀ṣì yìí o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi fúnra mi ni màá dìde níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ, màá sọ fún wọn pé ikùn lẹ fi ń wa ọkọ̀."

"O ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ dán mi wò ná."

Mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Yóò sọ ọ́. Bí ìgbìmọ̀ bá sì gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ó ti parí fún mi nìyẹn. Wọn á fi àdúrà àti àpọ́nlé gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, á wá ku èmi àti géètì.

Mẹkáníìkì tí mo ń lò jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí kan tí kì í bínú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Ìkòtún sí Ìgàndò. Ó wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde.

"Bàbá, kílọ́ọ̀ṣì yín ò ní àìsàn kankan. Bí wọ́n ṣe ṣe é wá nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi sẹ́fò sí i ṣá."

Mo mọ sẹ́fò. Agolo dúdú rìbìtì kan ni, ó wà nídìí bíréèkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ló máa ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ. Bí o bá ti wá fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà, afẹ́fẹ́ ìta á rọ́ wọlé sí apá kan rẹ̀, òun ni yóò sì bá ọ ti ohun tí ò ń tì. Ìwọ á kàn fi ẹsẹ̀ júwe ni, òun ló ń ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Ṣebí bíréèkì ni wọ́n ń fi ìyẹn sí?"

Ó ní, "Ta ló fẹ́ sọ fún kílọ́ọ̀ṣì pé ti bíréèkì ni, Bàbá?"

Ọjọ́bọ̀ ni a ṣe é. Ó ti rí sẹ́fò tòkunbọ̀ kan, ó ti fi epo fọ̀ ọ́ mọ́. Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí sẹ́fò lè rí ibi jókòó. Páìpù tó ń gbé ọ́ìlì láti ìdí pẹ́dà lọ sí ìdí jíà, mẹkáníìkì gé e sí méjì, ó sì ki sẹ́fò sí àárín. Ó wá ku rọ́bà tí yóò so sẹ́fò mọ́ póńpù tó ń fa afẹ́fẹ́ lára ẹ́ńjìnnì. Èmi ní tèmi, mo jókòó sórí táyà kan, mo dìde. Mo lọ wo iná wẹ́dà títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Mo béèrè bóyá ó ti ń tán lọ. Mẹkáníìkì ní kí n lọ wá nǹkan jẹ. Mo lọ ra bọ̀ọ̀lì, orí ìrìn ni mo ti jẹ ẹ́ tán.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a tan ẹ́ńjìnnì, pẹ́dà ṣì le bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti ń wí pé ṣé bó ṣe máa rí nìyí, ṣé mo kúkú fi odindi ọjọ́ ṣòfò ni, kí mẹkáníìkì tó tọ́ka sí rọ́bà náà. Rọ́bà omi lásán ló fi so ó. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́, rọ́bà ti fún pọ̀ pẹlẹbẹ, nǹkan kan kò lè kọjá nínú rẹ̀ mọ́.

"Ẹ ṣe sùúrù jàre, Bàbá. Èyí tó nípọn ló fẹ́."

Ó lọ wá èyí tó nípọn. Bó ṣe ń fún àwọn nọ́ọ̀tì, wọ́n pe ìrun Àsárì. Ó nu ọwọ́. "Ó ku nọ́ọ̀tì páìpù kan tí mi ò tíì fún. Ẹ má tẹ nǹkan kan o."

"Èmi kẹ̀?"

Kò tíì pẹ́ rárá tó lọ tí mo ti wà lórí àga dírẹ́bà. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí lẹ́sẹ̀ ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì tú yàà sílẹ̀, ó ta sí ara wẹ́dà tó ń jẹun lọ́wọ́. Wẹ́dà fi èdè Ọ̀yọ́ bá mi wí. Nígbà tí mẹkáníìkì kírun tán, ó wo ilẹ̀, ó wo èmi, ó ní Ọlọ́run á fún wa ní sùúrù. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí, mo sì lọ jókòó sórí táyà. Mi ò pẹ́ níbẹ̀.

Ó kọjá ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ kó tó pè mí pé kí n wá tẹ̀ ẹ́. Mo ti múra ìjà, mo ti fẹ̀yìn ti àga, mo ti gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mo fi ẹsẹ̀ kàn án báyìí, ó sì lọ sílẹ̀. Kò bá mi jà rárá. Mo jẹ́ kó padà wá sókè, mo tún tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn bí ọmọdé. Mo tẹ̀ ẹ́ títí mẹkáníìkì fi ní, "Bàbá, ó ti tó, ẹ jẹ́ kó mí."

Ibẹ̀ ni a wà tí ìyàwó mi fi dé. Ó wá wò ó bóyá òótọ́ ni mo wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ kékeré lòun máa ń wà, ó sì ti ń wà á pẹ́. Ó ní, "Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó gun orí àga, ó tún ìró dè, ó tẹ pẹ́dà, ó wò mí.

"Kò ju báyìí lọ?"

Ó fi í sí jíà kìíní, ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò, bọ́ọ̀sì gbéra láì ta kìjí. Ó wà á dé òpin àdúgbò, ó yí i, ó wà á padà. Mẹkáníìkì pàtẹ́wọ́, ó ní Màmá ti di dírẹ́bà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo yára gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo wa ọkọ̀. Ọwọ́ méjèèjì lórí ìdarí, ikùn nípò tirẹ̀. Mi ò wa ọkọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn ìsìn, alága ìgbìmọ̀ ìjọ wa, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì, wá kí mi kú iṣẹ́. Ó gun ọkọ̀, ó tẹ pẹ́dà, ẹnu yà á.

Ìyàwó mi ní, "Ó fúyẹ́ débi pé èmi gan-an wà á lọ́jọ́bọ̀."

Kò ní in lọ́kàn láti ṣe mí níbi. Ó fi mí yangàn ni. Àmọ́ mo rí ojú alága bó ṣe tàn.

"Dádì, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa! A ti ń wá bá a ṣe máa sọ ọ́ fún yín. Ẹ ti ṣe é tó, sà. Mọ́mì á máa wà á, àwọn ọ̀dọ́ náà á máa gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ẹ máa sinmi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n fi ẹ̀mí gígùn àti ìsinmi tó dùn súre fún mi. Àmín tèmi ló ròkè jù. Inú ń bí mi débi pé mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí mo ti sọ fún ìyàwó mi pé sẹ́fò ń jò, pé mo fẹ́ gbé bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní òun á tẹ̀ lé mi, kí òun lè mọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ tó bá jò. Èmi ni mo wà á lọ. Ìyàwó mi dúró nínú ọkọ̀, mo sì fa mẹkáníìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bá mi yọ ọ́."

"Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ṣiṣẹ́."

"Àbí ó ń jò?"

"Kò jò. Yọ ọ́ ṣá. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni mo fẹ́."

Ó wò mí, ó wo ìyàwó mi nínú ọkọ̀.

"Kò le, Bàbá, màá yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mejì, kí agbára tó kù nínú sẹ́fò lè tán. Ẹ wá tẹ ẹ̀kẹta. Bó ṣe máa rí tí mo bá yọ ọ́ nìyẹn. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, ẹ juwọ́ sí mi."

Mo gòkè padà. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ń le. Mo fẹ̀yìn ti àga, mo di ìdarí mú gírígírí, mo tẹ ẹ̀kẹta. Ó dé àárín, ó dúró. Mo gbin. Orúnkún mi ń gbọ̀n, mo ń rí i bó ṣe ń gbọ̀n nínú ṣòkòtò. Pẹ́dà náà rọra ń ti ẹsẹ̀ mi padà bọ̀ wá sókè, mi ò sì lè dá a dúró. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyàwó mi ti yíjú sí fèrèsé, ó ń wo ìta.

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo ní kí mẹkáníìkì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Ìyàwó mi yọjú láti inú ọkọ̀. "Ṣé ó ń jò?"

"Kò jò."

"Ẹ máa bọ̀, kí n wà wá lọ sílé."

Ó ti sún sórí àga dírẹ́bà. Ẹnu ọ̀nà tèmi wà ní òdì kejì. Mi ò gba iwájú ọkọ̀ kọjá, ẹ̀yìn ni mo gbà, nítorí mò ń sunkún, mi ò sì fẹ́ kó rí mi.