Wọ́n Ní Pajápajá Ni

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló gbá mi nípàá láti ẹ̀yìn. A ń sáré ní pápá ilé-ìwé kan ní Ojú Ore, nílùú Ọ̀tà, láàárọ̀ Sátidé. Mo gbọ́ "pàú!" ní gìgísẹ̀ ọ̀tún mi, mo sì yíjú padà láti wá ẹni tí màá bú. Ìyá Rídíwàn, ọ̀rẹ́ mi tó mú mi wọ ẹgbẹ́ asáré wa, ló wà lẹ́yìn, ó sì jìnnà sí mi gan-an. Mo ti bú u tán kí n tó ṣubú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé mi dé pápá. Aránṣọ ni mí, orí ìjókòó ni mo máa ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, dókítà sì ní kí n máa rìn dáadáa. Rírìn ló sọ o. Ṣùgbọ́n Kóòṣì wa kì í gbà kí ẹnikẹ́ni rìn. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á pàṣẹ fún un láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, á wá gbẹ̀san lára wa ní Sátidé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí gìgísẹ̀ yẹn ti ń ro mí, pàápàá tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo sọ fún un. Ó ní ọ̀rá ló ń yọ́.

Ẹgbẹ́ yẹn ní àṣà kan. Ẹni tó bá ti ṣubú, pajápajá ló mú un, kò sí nǹkan mìíràn tó lè ṣe é. Wọn á pagbo yí i ká, àwọn kan á di orúnkún rẹ̀ mú, Kóòṣì á wá tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè síhà ojúgun. Àwọn tó kù á máa kọrin, "Fà á, fà á, yóò dìde!" Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn. Mo ń pariwo pé èyí kì í ṣe pajápajá.

"Ẹ dì í mú dáadáa," Kóòṣì wí. "Mọ́mì Bọ́lá fẹ́ràn ariwo."

Ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan fàya nínú ẹsẹ̀ mi bí àǹkárá. Èmi mọ bí aṣọ ṣe ń fàya.

Ìyá Rídíwàn gbé mi lọ sí ọsibítù, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì onírin títí oòrùn fi wọlé bá wa níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní ẹsẹ̀ mi ò kán, kí n yé pariwo. Ọkọ mi dé, ó ń bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́. Mo ní kó máa lọ sílé. Kò lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, ó sì ń bá èébú rẹ̀ lọ.

Dókítà ní kí n dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fọwọ́ fún ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun mi. Tí ara bá pé, àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń mira tí wọ́n bá fún ibẹ̀. Ti òsì mira. Ti ọ̀tún ò mira rárá. Iṣan ńlá kan ló so ẹran yẹn mọ́ gìgísẹ̀, òun la fi ń ta ilẹ̀ nù tí a bá ń rìn. Òun ló já.

"Ó lè jẹ́ pé ó kọ́kọ́ ya díẹ̀ ni," dókítà wí. "Ta ló wá fà á?"

Mo dárúkọ Kóòṣì, mo sì fi èpè lé e.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹlẹ́sẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń sọ pé kí n ra oníná, ṣé àwọn ló máa bá mi mú iná wá? Mo bi dókítà bóyá ẹsẹ̀ yìí á tún lè tẹ ẹ̀rọ. Ó ní ká ṣì máa wò ó ná. Mo kórìíra èsì yẹn ju ìrora lọ.

Wọ́n fi pí-ó-pí, ìyẹn báńdéèjì tó máa ń le bíi sìmẹ́ǹtì, di ẹsẹ̀ náà. Wọ́n dorí ọmọ ìka rẹ̀ kodò kí ojú ibi tó já lè sún mọ́ra. Ó ń yún mi, ó ń rùn, ọ̀pá tí mo fi ń rìn sì bó mi lábíyá. Àwọn oníbàárà ń kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn, wọ́n ń kí mi pẹ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe ń kó o. Àwọn kan ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi òróró wọ́ ọ. Mo lé wọn síta. Tó bá ṣe ẹ̀yin náà, ẹ lé wọn. Iṣan tó já kò fẹ́ wíwọ́, kò fẹ́ fífà. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí wọ́n tú u, ẹsẹ̀ mi ti gbẹ. Wọ́n fà mí lé fisió lọ́wọ́, ìyẹn obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ ẹsẹ̀ aláìsàn ní ìrìn. Màá di ògiri mú, màá gbé gìgísẹ̀ sókè, màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo sunkún, mo bú òun náà, mo sì bú ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, iṣan yín ti so pọ̀. Ẹ̀rù ló kù."

Mo ní irọ́ ni. Tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ, òógùn á bò mí, màá tún gbé e kúrò. Ìdọ̀tí ti bo ẹ̀rọ náà.

Ní Sátidé kan, mo ń rọra rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ pápá yẹn. Mo rí i tí ọkùnrin kan ṣubú. Wọ́n pagbo. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, orin ti ń lọ. Ojú mi ṣú.

"Kóòṣì, fi í sílẹ̀! Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ á rọ!"

Kí n tó mọ̀, mo ti wà láàárín wọn, mo ti gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Ẹni tó wà nílẹ̀ gbójú sókè. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, pajápajá ni o." Ó dìde, ó gbọn ẹsẹ̀ nù, ó ń rìn lọ. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gba irú ìtìjú yẹn rí láyé mi.

Ìyá Rídíwàn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì Bọ́lá," ó ní, "o sáré."

Mo wẹ̀yìn. Etí títì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, àárín pápá ni mo sì wà.

Mi ò tíì dárí ji Kóòṣì, kí ẹnikẹ́ni má sì wá bẹ̀ mí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo nu ẹ̀rọ, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e. Òógùn bò mí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó yí. Ara tí mo ń bú láti ọjọ́ yìí wá ti jókòó sábẹ́ awọ, ó ti rán ara rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń pe ara mi ní aránṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ pa gìgísẹ̀ náà, mo ní, "O ṣeun." Lẹ́yìn náà mo sunkún, mo sì fa aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́.