Nọ́ńbà Tí Kò Dáhùn

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ wa ní Ìkòròdú fi ń kọ ìwé ẹrù. Wọ́n ti gbó, wọ́n tóbi bíi fìríìjì, wáyà so wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀gá mi, bàbá ará Ẹ̀pẹ́ kan, ti ń tọ́jú wọn kí n tó wọ ilé ìwé girama. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Èmi náà rèé, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, mo gbà pé ayé àtijọ́ ni gbogbo ohun tí bàbá náà mọ̀.

Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, èyí tó bá jí lẹ́yìn ò ní rí ọ̀nà wọlé. Ọ̀gá mi kọ gbogbo nọ́ńbà wa sórí bébà kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n ní bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bébà yẹn ni àkísà ọ̀gá mi, mi ò sì kà á sí.

Ní Fúráìdè kan, lẹ́yìn tí a ti pa àwọn ẹ̀rọ náà fún òpin ọ̀sẹ̀, mo lọ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun kalẹ̀ ní ilé ìkẹ́rù. Mo fi kọ̀ǹpútà kékeré kan pe nọ́ńbà kan wò, kò dáhùn. Mo ní kò sẹ́ni tó ni ín nìyẹn. Mo fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní nọ́ńbà náà, mo fi í sílẹ̀ ní títàn, mo relé. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó sùn kì í dáni lóhùn.

Ní Mọ́ńdè, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ jí, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kọ̀. Àwọn méjì yòókù wá a títí, wọn ò rí i, làwọn náà bá dúró. Kò sí ìwé ẹrù, tírélà sì tò sí géètì. Ọ̀gá mi ń rákò láàárín wáyà, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí máníjà já wọlé.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí gbẹ̀yìn?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ọ̀gá ni, sà. Wọ́n pààrọ̀ wáyà ní Tọ́sìdè."

Òótọ́ ni, ó pààrọ̀ wáyà. Ṣùgbọ́n odidi Fúráìdè la fi lo wáyà náà láìsí wàhálà, mi ò sì sọ ìyẹn. Máníjà ní kí bàbá máa lọ sílé, pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n jù fún iṣẹ́ yìí. Bàbá mú fúláàsì oúnjẹ rẹ̀, ó ní ó dàárọ̀ o. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ sì ni.

Lọ́sàn-án, akọ̀wé ilé ìkẹ́rù pè mí lórí fóònù pé òun ti pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun, ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàn, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo lọ wo bébà ara ògiri. Nọ́ńbà ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ni mo fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Máníjà ń bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ń yìn mí, mo sì panu mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, orí àga ọ̀gá mi ni wọ́n fi mí sí.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún rí i kó tó kú. Mo ra búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ Benson, mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, mo ń to ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ lẹ́nu títí a fi dé. Bàbá ti rù. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé kì í jáde mọ́, wáyà ló ń yà sínú bébà, ó ń wá ibi tóun ti ṣàṣìṣe. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ìwọ nìkan lo wá," ni bàbá wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé mo kórìíra ara mi. "Kí ló padà ṣe ẹ̀rọ náà?"

Mo lanu.

"Wáyà ni, sà."

Ó mi orí. "Mo mọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni."

Ó gbé ọwọ́ náà lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. "Ẹni tí o bá kọ́ níṣẹ́ kò ní dà ọ́."

Mo ní, "Àmín, sà." Ìyàwó rẹ̀ náà ṣe àmín.