Ìyá Tó Ń Kí Kámẹ́rà

Mo mọ ìyá àgbà kan ní Ṣakí tó máa ń kí kámẹ́rà ilé wọn láràárọ̀: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ jí ire?" Èmi ni àwọn ọmọ náà bẹ̀ níṣẹ́ láti òkè òkun pé kí n so ó. Mo fẹ́ ṣètò rẹ̀ kó má baà máa ya ibi tí ìyá ti ń ṣe àlùwàlá, ṣùgbọ́n ìyá fúnra wọn kọ̀.

"Má bò ó o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí mi."

Nígbà tí mo padà lọ yẹ ẹ̀rọ náà wò, mo rí i nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ìkankan nínú àwọn ọmọ náà ò tíì ṣí i wò rí.

"Ṣé wọ́n ń rí mi dáadáa?"

"Wọ́n ń rí yín, Ìyá."

Ìyá tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.